Ejò Tí Kò Gba Oúnjẹ Lọ́wọ́ Afi

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn ejò. Ọmọ Iléṣà ni mí, nínú ilé tí wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà, igi la fi ń kí ejò káàbọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ ní abúlé Selvik yìí, létí adágún Winnipeg, débi pé tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ nígbà ìwọ́wé, tí mo bá ejò dúdú onílà òféèfèé kan tó ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, màá kàn bú u ni, màá wọ ìbọ̀wọ́, màá gbé e síta. Gbogbo ilé àdúgbò wa ló ń bá wọn fà á. Wọn ò ní oró tó lè pa èèyàn. Ibi tí wọ́n máa sùn sí kí òtútù tó dé ni wọ́n ń wá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Amma Lauga, aládùúgbò mi, mú ọ̀kan nínú wọn wọlé pé òun fẹ́ máa sìn ín, mi ò kí i kú oríire. Ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló gé ejò náà nírù. Ẹlòmíràn ìbá fi ṣọ́bìrì parí iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀. Lauga fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Nígbà tí egbò náà jinná, tí dókítà ní kò ní lè la ìgbà òtútù já nínú ihò àpáta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, Lauga ra àpótí onígíláàsì fún un, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó sì sọ ọ́ ní Spotti. Ní èdè àwọn baba ńlá wọn tó ti Iceland wá, ègé okùn ni Spotti. Ọkọ rẹ̀ ní orúkọ náà bá a mu, pé ó gùn, kò sì wúlò.

Ọkọ yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Skapti Thorlakson ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Afi ni gbogbo Selvik ń pè é, bàbá àgbà nìyẹn ní èdè wọn, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Amma, ìyá àgbà. Apẹja ni, ọmọ apẹja. Ní ìgbà ooru, á wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí adágún bá dì, á gun ẹ̀rọ orí yìnyín rẹ̀ jáde, á gbẹ́ ihò, á na àwọ̀n sábẹ́ yìnyín, á máa fa ẹja pikereli jáde títí ìka rẹ̀ á fi kú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á dà bíi pé láti àná ló ti ń rò ó. Èèyàn tó lágídí ni, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ kò sí agídí kankan lára rẹ̀ tó bá kan Lauga. Ohun tí Lauga bá ti sọ, abẹ gé e.

Òfin kan sì wà nínú ilé wọn tó ju gbogbo òfin lọ: ọwọ́ tó ń rùn bí ẹja kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ àgbẹ̀ ni Lauga, kò gbé etí omi rí kó tó fẹ́ apẹja. Oṣù tí wọ́n ṣègbéyàwó ló ti sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ o, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ẹja mọ́ ọn. Skapti bá fa omi ẹ̀rọ sí ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé, ó gbé bàsíà síbẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ olómi kan tó le, irú èyí tó máa ń ta síni nímú tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn. Kò sí ọjọ́ tó ti orí omi dé tí kì í dúró níbẹ̀ fi kànrìnkàn gbo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó kan ilẹ̀kùn. Òjò ni o, ìrì dídì ni o. Mo ti rí i tó ń fọwọ́ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun fún yìnyín.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Spotti wọ ilé ni iyè Lauga bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ ń bu iyọ̀ sí kọfí. Nígbà tó yá, ó ń bi mí pé kí lorúkọ mi, èmi tí mo ti ń jẹ àkàrà òyìnbó onípele rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ sálúbàtà inú ilé, ó jáde sórí adágún tó ti dì, ó ń wá Skapti kiri, bẹ́ẹ̀ Skapti wà nínú pálọ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe. Kí ìgbà ìwọ́wé tó tẹ̀ lé e tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Èmi ni mo ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ọ̀sán ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán náà sì ni Afi ń lọ kí i, nítorí náà inú ọkọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ lọ.

Ọjọ́ tí Lauga kúrò nílé ni Spotti kò jẹun mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe pé òtútù ló dé tó ń wá oorun, nítorí ọdún tó ti lò nínú ilé ìdáná yẹn kì í ṣe kékeré, bí iná orí àpótí rẹ̀ bá sì ti ń tàn, á máa jẹun tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ekòló tí Lauga bá wú nínú ọgbà rẹ̀, á gbé e mì. Ẹja tí Lauga bá fajú ro gé tẹ́ẹ́rẹ́, á gbé e mì. Ó wá dọwọ́ Afi, ó di pé ejò ń wọ abẹ́ ègé igi tó wà nínú àpótí, á sì yí ẹ̀yìn sí oúnjẹ. Afi máa ń gbé ẹja sílẹ̀ lálẹ́, á wá gbé e kúrò láàárọ̀ bó ṣe gbé e sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ejò lọ bá àwọn baba rẹ̀. Ó wò mí, ó sì lọ gé ẹja míì. Ìgbà tí mo tẹ̀ lé e dé yàrá Lauga ni mo tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Afi a máa múra kó tó lọ kí i bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Á fá irùngbọ̀n etí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ọṣẹ ilé pákó yẹn á sì gba gbogbo inú ọkọ̀. Tá a bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, á tún tẹ òògùn ìfọwọ́ tó wà lára ògiri, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo àlejò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbé tíì tẹ̀ lé e. Lauga jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, irun rẹ̀ funfun báláú, ó sì lẹ́wà. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ẹ káàsán o, ọ̀gbẹ́ni. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló rán yín wá?"

"Rárá o," Afi dáhùn. "Mo kàn wá wò yín ni."

"Ẹ ṣeun. Tí ẹ bá rí ọkọ mi, ẹ bá mi bi í bóyá Spotti ti jẹun. Orí yìnyín ló wà, kì í tètè wálé."

"Spotti ti jẹun."

"Kí ló jẹ?"

"Ẹja."

"Ó dáa." Ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ orí itan rẹ̀. "Ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa ejò. Tó bá jẹ́ kó kú, èmi àti ẹ̀ máa jọ wò ó."

Ojú ọ̀nà ilé nírọ̀lẹ́ ni Afi ti sọ ọ́.

"Àríkẹ́, mo purọ́ fún un."

"Mo gbọ́."

"Mi ò purọ́ fún un rí. Àfi ọjọ́ tí mo já sínú yìnyín tí mo ní ẹsẹ̀ mi nìkan ló rì."

"Ibo ló rì?"

"Dé ọrùn." Ó fi apá nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. "Ó ti gbàgbé ọmọ wa tó wà ní Calgary. Ó ti gbàgbé ilé. Èmi tó wà níwájú rẹ̀, àlejò ni mo jẹ́. Spotti nìkan ló ṣì ń béèrè. Tí ejò yẹn bá kú, kí la ó jọ máa sọ?"

Láti ọjọ́ náà, èmi tí mo kórìíra ejò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọ̀kan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ràn án lọ́wọ́ ni Wasyl Hrynchuk. Ọ̀rẹ́ Afi ni láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, apẹja bíi tirẹ̀, ìran àwọn ará Yukiréènì tó ń dáko lẹ́yìn abúlé wa. Ẹnu Wasyl kì í dákẹ́, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí. Ó wo ejò láti ìta gíláàsì, ó mi orí.

"Skapti, o ò mọ ejò bọ́. Ṣé o lè ju ìjẹ sómi kó dúró gbagidi, kó o ní kí ẹja wá jẹ ẹ́? Mì í. Jẹ́ kó dà bí ohun alààyè."

"Mo ti fi ẹ̀mú mì í."

"Ẹ̀mú kọ́. Lọ gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ wá, èyí kúkúrú tá a fi ń jókòó ti ihò."

Nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mo bá nìyí: àwọn bàbá méjì, àádọ́rin ọdún kọjá lórí wọn, wọ́n dojú korobá dé, wọ́n jókòó lé e níwájú àpótí ejò, wọ́n tẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sórí adágún. Afi mú ọ̀pá ìpẹja kékeré lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ ìwọ̀ kúrò lẹ́nu okùn, wọ́n so ẹja pẹlẹbẹ mọ́ ọn, ẹja náà sì ń jó lókè jó nísàlẹ̀ níwájú ihò Spotti. Wasyl bu kọfí sínú ìdérí fúláàsì, ó ń mu ún bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú.

"Ṣé ẹ ti rí nǹkan kan pa?" mo bi wọ́n.

"Dákẹ́, Àríkẹ́," Wasyl sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ò ń dẹ́rù bà á."

"Èmi ni mò ń dẹ́rù bà á?"

"Lọ sókè díẹ̀, Skapti. Díẹ̀ sí i. Jẹ́ kó sinmi. Ó ti rí i."

Òótọ́ ni, Spotti rí i. Ó yọ orí, ó na ahọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sẹ́yìn pátápátá bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan búburú sí nímú. Wasyl ní ejò aláìmoore ni, pé ká ní pikereli ni, ì bá ti wà nínú epo gbígbóná.

Lẹ́yìn èyí ni Afi fi aṣọ wé àpótí náà, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Dókítà Lavallee, obìnrin tó tọ́jú Spotti nígbà tó gé nírù. Mo bá wọn lọ, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ di àpótí mú, èmi sì ni Ọlọ́run fi sínú ọkọ̀. Dókítà gbé ejò lé òṣùwọ̀n. Ó la ẹnu rẹ̀ wò, ó fi àtàǹpàkò tọ ikùn rẹ̀ láti orí dé ibi tí ìrù kù sí.

"Kò sí àìsàn lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí lọ́fun," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ti rù jù, Afi. Ẹ wo egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń gbóòórùn, tí oúnjẹ náà kò bá rùn bí oúnjẹ sí i, kò ní fẹnu kàn án. Ẹ gbìyànjú ekòló. Ẹ gé e, ẹ fi omi ara rẹ̀ pa ẹja. Ẹ fi aṣọ bo gíláàsì, kí ẹ má dúró lé e lórí."

"Màá ṣe gbogbo ẹ̀."

"Kí ẹ sì máa fọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án."

"Kí n tó fọwọ́ kàn án náà ni mo máa ń fọ̀ ọ́," Afi dáhùn. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn án. Ó mọ́ lóòótọ́, ó pọ́n bíi ti ọmọ tuntun. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ká ní gbogbo àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òun rí bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wúwo: tí Spotti kò bá jẹun títí di ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n gbé e padà wá, òun á fi rọ́bà tẹ oúnjẹ sí i lọ́fun. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé ejò tó ti rù tó báyìí á yè é.

Ibi tí Wasyl ti wúlò gan-an nìyí. Inú fíríìjì rẹ̀ ló ń kó ekòló ìpẹja sí láti ìgbà ooru, ìyàwó rẹ̀ ti pariwo títí ó ti sú u. Ó gbé ike kan fún Afi. Afi lọ sí ilé pákó, ó fọwọ́, ó fọ ẹ̀mú, ó fọ ọ̀bẹ, ó fọ pákó tó máa gé e lé, ó sì fọ ekòló náà kúrò nínú erùpẹ̀ títí ó fi ń dán, bí ẹni tó fẹ́ sè é fún bíṣọ́ọ̀bù. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi pa ẹja, ó gbé e sínú àpótí, ó fi aṣọ tábìlì Lauga bo gíláàsì. Ó wá lọ jókòó sí pálọ̀, ó pa tẹlifíṣọ̀n, kó má bàa dí ejò lọ́wọ́.

Kò jẹ ẹ́.

Mo sọ fún un pé bóyá Lauga ni Spotti ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní ejò kì í ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Àmọ́ tó bá ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe òun nìkan." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Inú bí mi sí ejò yẹn lọ́jọ́ náà, kí n má purọ́. Bàbá àgbà ń gé ẹja, ó ń gé ekòló fún un bí ẹni ń sin ọba, òun sì ká jọ sábẹ́ igi bí ọmọ òkú olówó.

Ọjọ́bọ̀, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí dókítà dá, ni òtútù ńlá dé. Òtútù tó máa ń jẹ́ kí ìṣó ilé máa dún kọ́-kọ́ lára ògiri. Mo rò pé Afi kò ní jáde, ṣùgbọ́n àwọ̀n rẹ̀ wà lábẹ́ yìnyín, ẹja tó bá sì pẹ́ jù nínú àwọ̀n á bàjẹ́. Ó lọ. Ẹja pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìpẹ́ títí dé etí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó yí ẹnu ẹ̀rọ omi nínú ilé pákó, ẹ̀rọ náà sì tú èémí lásán. Òtútù ti mú omi dì sínú páìpù, kò sì sí Lauga tó máa ń gbé omi gbóná jáde fún un bó bá dì. Ó na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ. Ọṣẹ náà ti gan.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi pé òun dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé fún ìgbà pípẹ́, òun ń wo ọwọ́ òun, bí ẹni tó fẹ́ jalè. Kò fi ọwọ́ yẹn wọ ilé náà rí. Ó wá rò ó pé Lauga kò sí nílé, òtútù sì ń pa òun, pé òun á kàn sáré gbé omi kaná lórí sítóòfù. Ìgbọ̀nwọ́ ló fi ṣí ilẹ̀kùn, kó má bàa kan ọwọ́ ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀.

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí láti gbé kẹ́tùrù. Spotti yọ orí.

Afi dúró. Ahọ́n pupa yẹn ń jáde, ó ń wọlé, ó ń jáde. Ejò náà fà jáde lábẹ́ igi, ó na ara rẹ̀ tó rù sókè lára gíláàsì, síhà ibi tí ọwọ́ Afi wà. Afi ṣí ìdérí díẹ̀díẹ̀, ó na ìka kan sí i. Spotti fi ahọ́n tọ́ ìka náà wò títí, lẹ́yìn náà ló fi ẹnu gbá a mú.

Bí mo ṣe ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, fóònù mi dún. Afi ni.

"Àríkẹ́, sáré wá. Má wọ bàtà aláriwo yẹn o, rọra wọlé."

Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nílé ìdáná, ẹ̀wù ìpẹja ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gé ikùn pikereli tútù, ọ̀rá rẹ̀ ń dán. Kò lo ẹ̀mú. Ọwọ́ lásán ló fi mú un, ọwọ́ tí ìpẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ẹja ti gbẹ lé lórí. Spotti ti gbé ìdajì mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń sún lọ sápá ọ̀tún, ó ń sún lọ sápá òsì, ẹja ń wọlé díẹ̀díẹ̀, a sì ń rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó gbé e mì tán, ó tún gbé orí sókè.

"Ó fẹ́ sí i," mo ní. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń sunkún. Nítorí ejò.

Afi fún un ní òmíràn. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ekòló tí Lauga ń fún un," ó ní, "ṣé o rántí bó ṣe máa ń fún un? Tó bá ti wú u nínú ọgbà báyìí, pẹ̀lú erùpẹ̀ léèékánná."

"Ejò á jẹ ẹ́ tán kí Amma tó fọwọ́."

"Ọṣẹ ni mo ń fún un jẹ láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Afi. Ìmọ́tótó ni ẹ ń ṣe."

Kò dáhùn. Ó ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Àríkẹ́, tí mo bá wọ yàrá Lauga, kí ni mo máa ń rùn?"

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un. "Ẹ máa ń rùn bíi gbogbo wa níbẹ̀. Bí àwọn nọ́ọ̀sì, bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù."

Kẹ́tùrù ti ń hó lórí sítóòfù. Ó dìde, ó pa iná rẹ̀. Ó ní ká lọ.

"Báyìí?"

"Bí mo ṣe wà yìí."

Inú ọkọ̀ ń rùn débi pé mo ṣí fèrèsé nínú òtútù yẹn. Mo mọ̀ pé tá a bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé láì fọwọ́. Mo mú un gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi, mo sì mú un gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé yàrá Lauga. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi níṣẹ́, kí wọ́n lé mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì ń rò ó títí dòní.

Lauga ń wo ìta. Kò yíjú padà nígbà tá a wọlé. Afi fa àga, ó jókòó tì í, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ohun tí kò tíì dán wò láti ìgbà tí Lauga ti ń pè é ní ọ̀gbẹ́ni. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo rí i tí imú Lauga súnkì, tí iwájú orí rẹ̀ sì le. Ó wo ọwọ́ tó wà lórí tirẹ̀. Ó wá gbójú sókè.

"Skapti," ó ní. "Ta ló ní kó o gbé ọwọ́ yìí wọlé wá bá mi?"

Afi sún àga mọ́ ọn. "Omi ilé pákó ti dì."

"Ọdọọdún ló ń dì. Ìgbà wo lo máa ráyè wé páìpù yẹn láṣọ?"

"Màá wé e."

"Ohun tó o sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn." Ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Spotti ńkọ́?"

"Ó jẹun. Ó jẹ ikùn pikereli, ó tún béèrè sí i." Mo mọ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń purọ́, mo sì gbọ́ ti òtítọ́ yìí, ó yàtọ̀ pátápátá.

"O ò wò ó lójú nígbà tó ń jẹun, àbí?"

"Mo wò ó díẹ̀."

"Má wò ó mọ́. Kì í fẹ́." Lauga tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "O dúró pẹ́ jù lórí omi yẹn. Ọkùnrin kan wà tó ń wá síbí lójoojúmọ́. Á jókòó síbi tó o jókòó yìí."

"Kí ló ń wá?"

"Mi ò mọ̀. Èèyàn dáadáa ni o, ojú rẹ̀ máa ń ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n ó mọ́ jù, mi ò mọ ibi tó ti wá."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n díẹ̀," Afi ní. "Kò ní wá mọ́."

Bernadette, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wa, ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà, mo bá yára jáde, mo fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn. Ó di imú rẹ̀ mú.

"Àríkẹ́, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ẹja ni."

"Ẹja wo? Adìẹ ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ti alẹ́."

"Mo ti yí i padà," mo ní. Mo wá lọ gbé pikereli lẹ́yìn ọkọ̀ Afi, mo dín in fún gbogbo ilé, kí ọ̀rọ̀ mi lè dúró. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ kù.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Lauga gbádùn láti ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹja kò ràn án lọ́wọ́, tí Afi jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú tí kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Spotti sanra, ìyẹn ni mo lè búra lé lórí. Afi kò sì wé páìpù ilé pákó yẹn láṣọ títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí n tó gbé oúnjẹ kiri, mo gba ẹnu ilẹ̀kùn wọn kọjá, mo sì yọjú. Lauga ti fi orí lé èjìká rẹ̀, lórí ẹ̀wù ìpẹja, ó pa ojú dé.

"Skapti, lọ fọwọ́ rẹ," ó ní.

Afi ní òun ń lọ. Kò dìde.